Ọwọ́ Ara Mi Ni Mo Fi Ṣe É

Ní àdúgbò wa níbí, ní Dallas, èmi ni wọ́n máa ń pè bí kọ̀ǹpútà bá yọnu. Bí príńtà kò bá tẹ̀wé, wọ́n á pè mí. Bí Wi-Fi bá já, wọ́n á pè mí. "Engineer" ni wọ́n ń kí mi ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa, bẹ́ẹ̀ ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì. N kò ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi. Ilé iṣẹ́ Texas Instruments, tí Jack Kilby ń bá ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣe ṣíìpù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1958, kò jìnnà sí wa. Mo máa ń nawọ́ sí i fún àlejò bí ẹni pé èmi àti Kilby la jọ ṣe é.

Kọ̀ǹpútà kan wà ní pálọ̀ wa tí gbogbo nǹkan wa wà nínú rẹ̀: ìwé owó orí, ìwé ìgbélùú, fọ́tò ìsìnkú bàbá mi, àti ohùn ìyá mi. Nígbà kan tí mo lọ sílé, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ní kí ìyá mi ki oríkì ìdílé wa, láti orí baba ńlá wa títí dé orí ọmọ tèmi, mo sì fi fóònù gbà á sílẹ̀. Nígbà tí fóònù kún, mo kó o sínú kọ̀ǹpútà, mo sì pa ti orí fóònù rẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi re ibi àgbà ń rè.

Láti ayé Windows 7, ní 2009, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní HomeGroup, tí kọ̀ǹpútà inú ilé kan náà fi ń pín fáìlì. Páásìwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò. Bí o kò bá fọwọ́ ara rẹ yí i padà, àwọn tó kù kàn lè wo nǹkan rẹ ni, wọn kò lè fọwọ́ kàn án. Ní 2018, Microsoft yọ ọ́ kúrò nínú Windows 10. Ó wá di pé kí oníkálukú fúnra rẹ̀ pinnu ẹni tó máa wọlé àti ohun tí onítọ̀hún lè ṣe. Inú mi dùn. Mo ní iṣẹ́ ọ̀gá ló délẹ̀ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àlejò kún ilé wa, ìyàwó mi sì fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù rẹ̀ fi fọ́tò ìsìnkú yẹn hàn wọ́n. Láptọ́ọ̀pù kọ̀. Ó ní kò ní àṣẹ àtiwọ inú fódà tí fọ́tò náà wà lórí kọ̀ǹpútà pálọ̀. Mo tẹ ìhín, mo tẹ ọ̀hún, kò gbà. Jọ̀lọ́ọ̀fù ń tutù lórí tábìlì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Engineer, ṣé kò sí o?" Ara mi gbóná.

Ilẹ̀kùn méjì ni Windows fi sẹ́nu fódà tí a bá pín. Ọ̀kan wà lábẹ́ Sharing, èkejì wà lábẹ́ Security. Bí ènìyàn bá gba orí nẹ́tíwọ̀kì wá, èyí tó le jù nínú méjèèjì ló máa dá a dúró. Bí ọ̀kan bá ní kó wò ó lásán, wíwò ni, kódà kí èkejì ti ṣí gbayawu. Ìyẹn ni pé bí mo bá gbàgbé ọ̀kan ní ṣíṣí, èkejì ì bá gbà mí sílẹ̀. Méjèèjì ni mo ṣí.

Lábẹ́ Sharing, Windows fúnra rẹ̀ ti kọ "Everyone" síbẹ̀, ó sì ti fi í sí "Read". Ìyẹn tó fún ohun tí ìyàwó mi fẹ́ ṣe. Mo tẹ "Full Control", gbogbo àpótí tó wà níbẹ̀ sì gba àmì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bọ́ sí Security, mo kọ Everyone síbẹ̀ náà, mo tún tẹ Full Control. Ó ṣì ń béèrè páásìwọ́ọ̀dù. Mo lọ pa ìyẹn náà. Ó ṣí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, mo sì jókòó bí ọba.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ìyàwó mi bi mí pé, "Ẹ ò ní dá a padà sí bó ṣe wà ni?" Mo ní, "Tó bá di Sátidé."

Àbúrò mi náà ti kìlọ̀. Ọ́fíìsì ọsibítù kan ní London ló ti ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry ṣe jà ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, tó wọ kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà pín fáìlì fún ara wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní SMB, gan-an ló gbà wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fojú bù ú pé ó lé ní 19,000 ọjọ́ tí wọ́n dá fún aláìsàn tó yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Àwọn tí kò gbé e sórí ẹ̀rọ wọn ló jẹ ẹ́.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má ṣí fódà sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ẹ̀rọ méjì, kí ọ̀kan má sì sí nínú ilé yín rárá." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ilé mi kì í ṣe ọsibítù, ta ló fẹ́ wá jí fọ́tò òkú bàbá mi? Mo ra háàdì díìsìkì kan kó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. N kò yọ ọ́ nínú páálí.

Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Olè ìta ni mo ń ṣọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ gbé géèmù kan sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, àyè kò sí. Ó wá ohun tó wúwo tó lè pa rẹ́. Ó rí Z. Èmi ni mo so fódà pálọ̀ yẹn mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, tí mo sì sọ ọ́ ní Z. Láptọ́ọ̀pù bi í bóyá kó pa á rẹ́ pátápátá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ènìyàn bá pa rẹ́ láti orí nẹ́tíwọ̀kì kì í dé inú Recycle Bin. Ó lọ nìyẹn. Àyè tó ń wá kò tilẹ̀ yọ, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni ẹrù náà wà.

Ọjọ́ ìrántí ìyá mi ni mo tó ṣí fódà náà. Òfìfo.

Mo pa á dé, mo tún un ṣí. Òfìfo.

Ẹ wá wo ìwà ọ̀mọ̀ràn. Mo lọ gba ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń wá fáìlì tó sọnù, mo sì gbé e sórí díìsìkì kan náà tí fáìlì ti sọnù. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Mo sanwó àyẹ̀wò. Ọmọkùnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní SSD ni díìsìkì mi, pé SSD máa ń nu ibi tí fáìlì tí a pa rẹ́ wà nù fúnra rẹ̀, kó lè rí ibi kọ tuntun sí. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́.

Mo délé, mo jágbe mọ́ ọmọ náà títí ó fi sunkún. Ó ní, "Dádì, ó gbà fún mi." Òótọ́ ló sọ. Mo ti fọwọ́ ara mi gbà fún un. Ọmọ kò ṣẹ̀. Ikú ilé yẹn, èmi ni.

Ìwé owó orí, IRS ní ẹ̀dà rẹ̀. Fọ́tò ìsìnkú, àwọn ẹbí wá díẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ojú rẹ̀ ti ṣú. Oríkì, àǹtí mi kan mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tó ti kan ọmọ mi, ìyá mi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ìwọ tó ń kà á tó sì ń sọ nínú ara rẹ pé tìrẹ kò lè rí bẹ́ẹ̀, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Mo gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú ara mi. Lọ wo fódà rẹ lálẹ́ òní, má fi di Sátidé. Yọ Everyone kúrò, kọ orúkọ ẹni tó nílò rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wo fọ́tò, Read tó o. Jẹ́ kí páásìwọ́ọ̀dù dúró síbi tí Windows fi í sí. Yọ háàdì díìsìkì yẹn nínú páálí, kó ẹ̀dà sí i, kí o sì fún ẹni tí kì í gbé ilé rẹ ní òmíràn.

Bí àlejò bá sì wà nílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń kọ̀, jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Jọ̀lọ́ọ̀fù tó bá tutù ṣeé gbé kaná.