Ọkọ̀ Òfúrufú Tí A Fi Ń Kọ́ṣẹ́

Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti sọ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì awakọ̀ òfúrufú tí a dá sílẹ̀ ní Zaria ní ọdún 1964 ni òun yóò lọ, ilé wa ní Ararọ̀mí-Òwu kò tòrò mọ́. Ìyá wa ti gbọ́ nípa ọkọ̀ kékeré tí ó já sí Òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Mo ní àwọn méjèèjì tí ó wà nínú rẹ̀ yè. Ó ní, “Àkànní, àwọn tí ó yè ni ẹ ń kà fún mi, àwọn tí kò yè ńkọ́?”

N kò lè dá a lẹ́bi. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2022, ọkọ̀ Super Mushshak kan ti àwọn ọmọ ogun òfúrufú wa já ní Kàdúná níbi tí a ti ń fi í kọ́ṣẹ́, awakọ̀ méjèèjì inú rẹ̀ sì kú. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni irú ọkọ̀ yìí ní. Ẹni méjì a máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun tí a fi ń darí rẹ̀ a sì wà níwájú olúkúlùkù, kí olùkọ́ lè gbà á bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣìṣe. Bí ọmọ kíláàsì tiwa bá ṣi ìṣirò, a ó nu pátákó. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ bá gbé imú ọkọ̀ sókè jù, eré rẹ̀ a dínkù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé apá rẹ̀ mọ́, ọkọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí já bọ̀. Bí ó bá wà lókè réré, wọn a tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ kí eré rẹ̀ lè padà. Bí ó bá súnmọ́ ilẹ̀, àyè kò sí.

Àbúrò mi mú ìtàn Adéníyì Thomas wá, ọmọ Èkó, arákùnrin Stella Thomas adájọ́, ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a fi joyè ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ti Ìlú Ọba. Àṣé ìjàm̀bá ọkọ̀ òfúrufú ni ó pa òun náà ní oṣù kìíní ọdún 1945! Ìyá wa kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ parí.

Owó fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ ìyá wa, láti inú dòdò Ìkirè tí ó ń tà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún un. Kò tíì fèsì. Lánàá, ó béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi bóyá olùkọ́ tí yóò jókòó tì í nínú ọkọ̀ náà ní ọmọ nílé.