Ẹsẹ̀ Mi Lórí Bíréèkì

Ọkọ̀ bàbá mi dàgbà jù mí lọ. Peugeot 504 aláwọ̀ eérú ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Ní ilẹ̀ Faransé tí irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní 1968, wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe irú tiwa yìí láti 1983, ṣùgbọ́n ní àgbàlá wa ní Onírèké, kò tíì sí ẹni tó ròyìn náà fún un.

Bọ́ìsì kọ́tà la ń gbé, lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ilé ńlá àtijọ́ àdúgbò náà. Bàbá mi ló ń bá onílé mójú tó o. Kí ó tó fẹ̀yìntì, awakọ̀ ìjọba ni, kò sì sí ohun tó máa ń bí i nínú tó kí ẹnìkan sọ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti gbó.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, à ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ láti Mọ́kọ́lá. Màmá wà níwájú, èmi àti àbúrò mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Bàbá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ lọ ráúráú. Kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju “Ẹ di nǹkan mú” lọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó já jíà sí méjì, ó já a sí ení, ó fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Àárín wa àti ẹ̀yìn Micra kan tó ń já èrò kò tó ìgbésẹ̀ méjì. Onímicra náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí Bàbá wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú, mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ páìpù bíréèkì tó lọ sí ẹ̀yìn. Bàbà ló fi sí i, irú èyí tí wọ́n ń lò fún fíríìjì, nítorí pé ó rọrùn láti tẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbà kò fara da ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó máa ń gan, a sì sán. Tiwa ti sán, gbogbo ọ́ìlì ti ṣàn sójú títì. Bàbá ní òun kò ní í gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́, pé òun fúnra òun ni yóò ṣe é. Mo rò pé owó náà kò sí, ṣùgbọ́n n kò bi í.

Lọ́jọ́ Ajé, ó mú mi lọ sí Arárọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà lápá Agodi Gate. A ra páìpù irin gidi tí wọ́n ti tẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹnu fèrè, róbà bíréèkì, àti ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀, Bàbá kọ̀ ọ́. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 230 ti Celsius. Tí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè máa hó ní 155. Tó bá hó, ó di ooru, ooru sì máa ń fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, bíréèkì kò ní í mú mọ́.

Èyí yé mi. Olùkọ́ físíìsì wa ti kọ́ wa nípa Pascal, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní 1623, ẹni tó ṣàlàyé pé tí a bá ti nǹkan olómi tí kò ráyè jáde, agbára ìtì náà yóò dé gbogbo ibi tí ó wà. A fi sírínjì dán an wò ní kíláàsì. Nígbà tí omi kún inú rẹ̀, tí mo sì fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, n kò lè tì í. Nígbà tó jẹ́ afẹ́fẹ́, ó wọlé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn.

Bàbá gbé ọkọ̀ sókè lábẹ́ igi máńgòrò. Kì í gbára lé jáàkì nìkan. Ó fi gẹdú tó nípọn tì í nísàlẹ̀ kí ó tó wọ abẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún kò kọ́kọ́ gbọ́, a da ọ́ìlì sí i, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Páìpù tuntun kò ṣòroó fi sí i. Afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú rẹ̀ ni ìṣòro.

Nọ́ọ̀tì kékeré kan tó nihò wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan. Bàbá fi róbà tó mọ́ gaara sí i lẹ́nu, ó ki ìdí rẹ̀ bọ inú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà. Èmi jókòó sáyè awakọ̀. Bílíìdì ni àwọn mẹkáníìkì ń pe iṣẹ́ yìí. A bẹ̀rẹ̀ láti táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, nítorí òun ló jìnnà jù.

“Tẹ̀ ẹ́!”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́, sà.”

Ó tú nọ́ọ̀tì náà, ẹsẹ̀ mi rọra wọlẹ̀.

“Ó ti wọlẹ̀, sà.”

Ó dì í pa. “Gbé e!”

Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kí ó tó dì í, bíréèkì yóò tún fa afẹ́fẹ́ padà sínú. Ó ti kìlọ̀ fún mi tó ìgbà mẹ́rin.

A dé táyà ìkẹyìn, iwájú lápá òsì, nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo, mo sì rò pé mo gbọ́ “Gbé e.” Mo gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ ohùn Bàbá gan-an: “Gbé e!” Mo dákẹ́. Láti ọ̀sán ló ti wà nílẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì ti ń sọ pé ó kù díẹ̀. Nígbà tó jókòó tó tẹ bíréèkì wò, ó ní, “Ó rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú. Ó máa jókòó tó bá yá.” Lọ́jọ́ kejì, òun, Màmá àti àbúrò mi ń lọ sí Ọ̀yọ́.

N kò lè sùn. Ẹ̀yìn Micra yẹn ni mo ń rí. Nígbà tó yá, mo lọ kanlẹ̀kùn.

“Bàbá, mo gbé ẹsẹ̀ kí ẹ tó ní kí n gbé e.”

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀mélòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan, sà. Níbi táyà ìkẹyìn.”

Mo ń retí pé yóò bínú. Tọ́ọ̀ṣì ló mú. “Wọ bàtà rẹ.”

Nígbà tó tún ti gbé ọkọ̀ sókè, tó ti yọ táyà, ó na sípánà sí mi, òun ló lọ jókòó sídìí bíréèkì. Èmi kúnlẹ̀ níwájú òsì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì ní èjìká.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́, sà!”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

Mo tú u. Afẹ́fẹ́ yọ nínú róbà, róbótó-róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ sínú ìgò. N kò mọ̀ pé ìwọ̀nba àìfarabalẹ̀ mi yẹn pọ̀ tó báyìí. Mo wò ó débi pé mo gbàgbé Bàbá.

“Ó ti wọlẹ̀,” ó wí. N kò dáhùn. Kò gbé ẹsẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí mo fi di nọ́ọ̀tì náà tí mo sì rántí láti sọ pé, “Ẹ gbé e, sà.”

A ṣe é títí afẹ́fẹ́ fi tán. Bíréèkì le bí òkúta. Láàárọ̀ ó wakọ̀ yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tẹ̀ ẹ́ lójijì ní ẹnu géètì débi pé Màmá bèèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Kò sọ fún un. Títí di òní, kò tíì sọ fún un.

Lókè táyà iwájú lápá òsì, ibì kan wà tí ọ̀dà ti bó, kò ju ìwọ̀n èékánná lọ. Ọ́ìlì kán síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà, n kò sì tètè fi omi ṣàn án. Bàbá ti ra ọ̀dà, ṣùgbọ́n kò tíì kùn ún.