Òyìnbó Ti Kú, Aṣọ Rẹ̀ Kò Kú

Bí èèyàn bá ti ọjà Makola rìn síhà ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ní àárín ìlú Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ọjà Kantamanto nìyẹn. Ọ̀nà inú rẹ̀ há gan-an, ìsọ̀ fara kan ìsọ̀, aṣọ so rọ̀ lókè orí bí ewé inú igbó. Ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ kò nílò ògbufọ̀ nígbà tí ẹni tó ru ẹrù bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí "Àgò!" náà ni wọ́n ń ké níbẹ̀. Kó tètè yà ni o.

Aṣọ àlòkù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó gba èbúté Tema wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ṣáínà àti ibòmíràn. Ní Nàìjíríà, òkìríkà ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò fàyè gba kíkó o wọlé. Àwọn ará Gánà ní tiwọn ń pè é ní "obroni wawu", ìyẹn "òyìnbó ti kú". Wọ́n ní nígbà tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ ń dé, ojú àwọn èèyàn kò gbà á pé alààyè lè bọ́ aṣọ tó ṣì dára tó bẹ́ẹ̀ dà nù. Wọn ò tíì mọ òyìnbó nígbà náà.

Ìdì kan máa ń wúwo tó kílò 55. Ọlọ́jà tó rà á kì í rí inú rẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó ti wá àti irú aṣọ tó wà níbẹ̀ nìkan ló mọ̀: jíǹsì, búláòsì, aṣọ ọmọdé. Owó tó sì fi rà á, ẹ̀yáwó ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tú ìdì dà bí ọjọ́ tí èsì ìdánwò ń jáde. Obìnrin náà á já okùn, aṣọ á wú jáde, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó dára jù lọ́tọ̀, èyí tó ṣeé tà lọ́tọ̀, èyí tó ti ya lọ́tọ̀. Bí èyí tó dára bá pọ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ti wọlé nìyẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀wù tí òógùn ti ba abíyá rẹ̀ jẹ́ ló kún inú rẹ̀, gbèsè dé. Kò sí ẹni tó máa dá owó rẹ̀ padà. Ẹni tó di ìdì náà wà lókè òkun.

Síbẹ̀, aṣọ tó ya kò tíì dé òpin ìrìn rẹ̀. Àwọn télọ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àtúnṣe nìkan ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á gé jíǹsì tí orúnkún rẹ̀ ti jẹ di ṣòkòtò péńpé, wọ́n á dín ẹ̀wù òyìnbó sísanra kù kó lè bá ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ínrín mu, wọ́n á fi ẹ̀wù méjì rán ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń pa dúdú tó ti ṣá láró padà. Lẹ́yìn náà ló máa kan àwọn tó ń lọ aṣọ, tí wọ́n á lọ̀ ọ́ títí ẹni tó rà á á fi rò pé tuntun ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe ìpàdé lórí ọrọ̀ ajé tí kì í da nǹkan nù. Níbí, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn bí 30,000 ló ń jẹun lára ọjà náà.

Àwọn tó kéré jù lówó nínú wọn ni àwọn alábàárù, tí wọ́n ń pè ní kayayei. "Kaya" ni ẹrù lédè Haúsá, "yei" sì ni àwọn obìnrin lédè Gã. Ọmọbìnrin láti àríwá Gánà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orí ni wọ́n fi ń ru ìdì aṣọ kílò 55 náà. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà, ọrùn àti eegun ẹ̀yìn wọn ló sì ń san ìyókù.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló ń rí olùrà. The Or Foundation, tó ti ń bá àwọn ọlọ́jà ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, sọ pé aṣọ mílíọ̀nù 15 ló ń wọ Kantamanto lọ́sẹ̀, àti pé nǹkan bí 40 nínú 100 ló ń di pàǹtí. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó aṣọ náà wọlé ní kò ju 5 nínú 100 lọ. Kí wọ́n máa bá àríyànjiyàn wọn lọ. Ẹni tó bá dé etíkun Jamestown yóò rí aṣọ tó lọ́ mọ́ra bí okùn, tí yanrìn ti bò dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé àwọn ọlọ́jà kan dé Brussels ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Láti 2007 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí àwọn tó ń tà aṣọ tuntun máa dá owó sílẹ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀ nígbà tí aṣọ náà bá gbó. Ohun tí àwọn ará Kantamanto béèrè kò le: bí aṣọ bá rìn dé Accra, kí owó ìtọ́jú rẹ̀ náà bá a dé ibẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní ọdún 2025, iná sọ ní Kantamanto. Apá tó pọ̀ jù nínú ọjà náà ló jóná, tìsọ̀, tẹ̀rọ, àti ìdì tí wọn ò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. The Or Foundation ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́. Àmọ́ àwọn ọlọ́jà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn ọjà Gánà, wọ́n ń dá súsú, èyí tí ọ̀pọ̀ gbà pé láti ara èsúsú Yorùbá ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹni tó ti ń dá owó pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ mọ ilẹ̀kùn tó máa kàn nígbà òfò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọlọ́jà ti ń kó pákó àti páànù wọlé, wọ́n ń kan ìsọ̀ wọn padà lórí eérú, àwọn kayayei sì tún ń ké "Àgò!" kọjá láàárín àwọn tó ń kan ìṣó.