Orí Iyanrìn Ni Wọ́n Ti Ń Jó

Ní Toubab Dialaw, abúlé apẹja kan létí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl, ilé ẹ̀kọ́ ijó kan wà tó ní gbọ̀ngán tí wọn kò da símẹ́ńtì sí, tí wọn kò sì tẹ́ pákó sí. Iyanrìn ni. Oníjó Germaine Acogny àti ọkọ wọn, Helmut Vogt, ló dá École des Sables yìí sílẹ̀ ní 1998.

Orílẹ̀-èdè Benin ni wọ́n bí màmá yìí sí ní 1944. Ìyá bàbá wọn, ìyálórìṣà Yorùbá ni.

Ijó ìbílẹ̀ oríṣiríṣi wà níbẹ̀ fún kíkọ́, ijó òde òní náà kò gbẹ́yìn. Àmọ́ ìlànà tí màmá fúnra wọn gbé kalẹ̀ ló dùn ún wò jù: láti egungun ẹ̀yìn ni gbogbo ara ti ń gbéra, ìdúró kan tilẹ̀ ń jẹ́ igi àràbà. 

Ní 2020, àwọn oníjó láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà 14 péjọ síbẹ̀ láti kọ́ ijó tí Pina Bausch ṣẹ̀dá, “The Rite of Spring”. Kòrónà dé, ìrìnàjò tí wọ́n fẹ́ fi gbé ijó náà káàkiri dúró. Etí òkun ni wọ́n ti jó o kí wọ́n tó túká, wọ́n sì ya fíìmù rẹ̀.