Kí Ẹ̀rọ Tó Wọ Kíláàsì, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Ran Olùkọ́ Lọ́wọ́

Ní ọdún 1971, ìlú Láńlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá ni wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà fi ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀ sí. Ibùdó náà ti dákẹ́ tipẹ́, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, NITEL, tó ń bójú tó o sì ti kógbá sílé. Kò sẹ́ni tó ní kí ibùdó yẹn kọ́ ọmọ ìlú ní nǹkan kan, nítorí náà n kò bá a wíjọ́. Ohun tó kàn mí ni pé bá a ṣe ń fojú wo ẹ̀rọ nígbà náà la ṣì ń fojú wò ó lónìí tọ́rọ̀ bá di ti ilé-ìwé. A máa ń ka iye ẹ̀rọ tó wọ̀lú, a máa ń ya fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, a kì í sì í béèrè ẹni tí yóò lò ó, tàbí ohun tí yóò fi ṣe láago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí tí ọgọ́ta ọmọ bá jókòó síwájú rẹ̀. Lójú tèmi, bá a bá fẹ́ kí ìmọ̀ ẹ̀rọ la ojú ọmọ ilé-ìwé ní Igbó-Ọrà, Èrúwà, Ìdèrè, Láńlátẹ̀, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló yẹ kí owó àkọ́kọ́ bá, kí ìrànwọ́ náà sì tẹ̀ lé e dé kíláàsì, lórí àkòrí tó ń kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, lórí fóònù tó ti wà lápò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ ya wọ ilé-ìwé ju iye olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ. Nígbà tí ìjọba kan náà dá tẹlifíṣàn WNTV sílẹ̀ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára ìdí pàtàkì tí wọ́n ní àwọn fi dá a sílẹ̀. Èrò tó dára ni, nítorí olùkọ́ kan tó mọṣẹ́ n'Íbàdàn á lè bá ọ̀pọ̀ kíláàsì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ tẹlifíṣàn kì í gbọ́ ìbéèrè. Ọmọ tọ́rọ̀ ò bá yé ní ìṣẹ́jú kẹta kò ní rí ẹni bi títí ètò yóò fi parí, àfi bí olùkọ́ kan bá wà nínú yàrá náà tó ti mọ ohun tó ń bọ̀, tó sì lè ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n padà síbi tó ṣòro.

Ibẹ̀ náà layé ṣì wà. Lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní One Laptop per Child, orílẹ̀-èdè Peru pín kọ̀ǹpútà alágbèéká kéékèèké fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé ìgbèríko 319 jáde ní 2012, wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà dọ́wọ́ ọmọ lóòótọ́, ọmọ sì ń lò ó, ṣùgbọ́n máàkì wọn nínú ìṣirò àti èdè kò sàn ju ti àwọn tí kò gbà lọ. Nílé wa níbí, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013 fún àwọn ọmọ girama àgbà, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sì kún inú rẹ̀. Ètò tó láyà ni, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń forí gbárí kó tó ra ìwé kan rí ìwé púpọ̀ gbà lọ́jọ́ kan. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ, ìwé náà ni. Ọmọ tí ìṣirò rú lójú nínú ìwé bébà kò ní torí pé ó wà lójú gíláàsì kó yé e.

Ẹ wá wo Ẹdó. Ní 2018 ni ìjọba Gómìnà Godwin Obaseki bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní EdoBEST. Olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kó jọ. Wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fún wọn ní tábúlẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì ń lọ bá wọn ní kíláàsì láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti láti tọ́ wọn sọ́nà. Ní 2024, Báńkì Àgbáyé tún dán nǹkan mìíràn wò ní ìlú Benin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Àwọn ọmọ SS1 ń dúró lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, wọ́n ń fi Copilot ti Microsoft, ẹ̀rọ tó ń fèsì ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn ni, kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Olùkọ́ wà níbẹ̀ tó ń darí wọn, tó ń fún wọn ní ìbéèrè tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀, tó sì ń mú kí wọ́n tún ohun tí ẹ̀rọ sọ gbé yẹ̀ wò. Àwọn tó wà nínú ètò náà ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ, ẹni tó sì ń wá déédéé jèrè ju ẹni tó ń pa á jẹ. Ẹnìkan lè ní ẹ̀rọ 2024 gbọ́n ju kọ̀ǹpútà Peru lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ gan-an, wọn ò jẹ́ kó dá wọ kíláàsì.

Kí wá ni olùkọ́ Ìbàràpá lè mú wọ kíláàsì lọ́la? Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àrùn ohun ọ̀gbìn wà nínú síkíìmù. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ́ ọ ni pé olùkọ́ á kọ orúkọ àrùn sójú pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á dà á kọ, á há a sórí, á sì tú u jáde lọ́jọ́ ìdánwò. Bẹ́ẹ̀ Ìbàràpá ni à ń wí, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti láfún, níbi tí ewé ẹ̀gẹ́ tí àrùn mú kò jìnnà sí fèrèsé kíláàsì. Ohun èlò orí fóònù kan wà tó ń jẹ́ Nuru. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, pẹ̀lú ìrànwọ́ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni, bó bá sì ti wọ orí fóònù tán, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́. Ẹni tó bá na kámẹ́rà fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, yóò sọ àrùn tó fura sí fún un.

Olùkọ́ tó ti múra sílẹ̀ á kó àwọn ọmọ jáde lọ sí oko ilé-ìwé, á pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sídìí ebè tirẹ̀. Kò ní tíì yọ fóònù. Á ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ewé dáadáa, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n sọ èyí tó yá gágá àti èyí tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n sì kọ ìdí sínú ìwé. Ewé kan ti ká kò, ó ti lọ́ sápá kan, àwọ̀ ìyeyè ti là á lójú lábala-lábala. Ìgbà yẹn ló máa wá gbé fóònù kan ṣoṣo yẹn láti ebè dé ebè. Ariwo á sọ, nítorí ọ̀wọ́ kan á gbà á, òmíràn á kùnà. Á ní kí wọ́n ka ọgbọ̀n ìdí ẹ̀gẹ́, kí wọ́n wo mélòó ló lárùn nínú rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìṣirò sì ti wọ inú ẹ̀kọ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn á ṣí abẹ́ ewé wo, wọn á wá àwọn kòkòrò funfun tíntìntín tó ń gbé àrùn náà kiri. Ọmọ tó bá gbọ́ pé igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé lára èyí tó lárùn ló ń gbé àrùn wọ oko tuntun ti ní ohun tó máa sọ fún bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Fóònù kọ́ ló ní kí ọmọ kọ́kọ́ rò ó kí ẹ̀rọ tó fèsì. Olùkọ́ ló pinnu bẹ́ẹ̀, ìpinnu yẹn sì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lé. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan nínú gbọ̀ngàn, pẹ̀lú báàgì, bíìrò àti oúnjẹ ọ̀sán, kò lè kọ́ ènìyàn ní irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ó gba kó gbìyànjú rẹ̀, kó kùnà, kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n wà níbẹ̀ láti bá a tún un ṣe. Ó sì tún gba àsìkò, ohun tí olùkọ́ kò ní. Lọ́pọ̀ ilé-ìwé, ọwọ́ ni olùkọ́ ṣì fi ń kọ lẹ́sìn nóòtì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ọ̀gá lè fọwọ́ sí i, nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Èrúwà àti ní Tápà ń kọ àkòrí kan náà lọ́sẹ̀ kan náà. Bí wọ́n bá gbà wọ́n láyè láti pín in láàárín ara wọn lórí WhatsApp, kí kálukú kọ díẹ̀, kí gbogbo wọn jọ tún un ṣe, wákàtí tó bá kù ni olùkọ́ á fi lọ wo ebè ẹ̀gẹ́ kó tó kó ọmọ débẹ̀.

Ilẹ̀ Ìbàràpá mọ bí irú ìrànwọ́ báyìí ṣe ń rìn. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera ní Ìbàràpá, Igbó-Ọrà sì ni ojúkò rẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń wá gbé kí wọ́n lè kọ́ṣẹ́ láàárín ìlú. Sòbìà fojú Ìdèrè rí màbo láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé àbímọ́ ni, pé kì í ṣe omi ló mú un wá. Yàtọ̀ sí kànga, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi ni ohun ìjà tó dé inú ilé. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń gbé láàárín àwọn èèyàn wọn, ló ń ṣàlàyé rẹ̀ tí kò sú wọn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Bá a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́, á jẹ́ pé ní ìlú kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ kan tàbí méjì tó já fáfá á ní ààyè lọ́sẹ̀ láti lọ jókòó sí kíláàsì ẹlẹgbẹ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni wà ní Láńlátẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tó ń lọ fi ìkọ́ni dánra wò mọ fóònù lámọ̀dunjú, àwọn àgbà olùkọ́ tí wọ́n ń bá lọ́hùn-ún sì mọ ọmọ, wọ́n mọ kíláàsì. Ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ẹnì kìíní á kọ́ ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ pé olùkọ́ ti dàgbà jù láti kọ́ ẹ̀rọ á sì tán níbẹ̀.

Àwọn kan á ní iná ò sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi mú fóònù kan àti ohun èlò tí kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kolibri náà wà, tó ń gbé fídíò àti ìdánrawò ká kíláàsì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, Xender sì ń gbé fáìlì láti fóònù dé fóònù láìjẹ dátà. Owó dátà gan-an ló ń dùn mí jù, nítorí ní oṣù kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Kò tọ́ kí olùkọ́ máa yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà ní Ìbàràpá lè san án. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé fóònù á da ọmọ láàmú. Èmi náà bẹ̀rù rẹ̀. UNESCO kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2023, ọdún náà sì ni ìjọba Sweden ní kí àwọn ọmọ padà sídìí ìwé bébà. Fóònù tí mò ń wí, ọwọ́ olùkọ́ ló wà.

Àtakò tó lágbára jù lèyí tí wọ́n ń ṣe sí irú ètò tí wọ́n ṣe l'Ẹ́dó, pé iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tán sínú tábúlẹ́ẹ̀tì ń sọ olùkọ́ di akàwé lásán. Mo gba apá kan rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè kọ́kọ́ gbára lé e, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò gbọdọ̀ yà kúrò nínú rẹ̀ kò lè fi ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé kọ́ni, kò sì lè yí sí Yorùbá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dí ọmọ létí. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè gba ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, kó ya àwòrán odò àti oko àdúgbò rẹ̀, kó sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ṣàlàyé wọn. Èso tó yẹ ká máa kà lára ètò kan nìyẹn, iye ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ Ìbàràpá fúnra wọn ṣe láàárín ọdún kan. Ní ti owó oṣù, ó yẹ kó sàn jù báyìí lọ, àmọ́ ẹni tó ń jà fún owó olùkọ́ àti ẹni tó ń jà fún ìrànwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ilé-ìwé Ìbàràpá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ̀bùn yín pọ̀, a sì dúpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó ra ogún kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé yín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn olùkọ́ ibẹ̀ jókòó, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ní táàmù náà àti ibi tó ti ń ni wọ́n lára, kẹ́ ẹ sì fi apá kan owó náà san ẹni tí yóò máa wá bá wọn ṣe é ní kíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.