Ọwọ́ Kẹrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní ìlú Sakai, tí ó wà ní ẹ̀bá Osaka ní ilẹ̀ Jàpáànì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn gan-an nìyẹn. Kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo rọ ọ̀bẹ, kí ó pọ́n ọn, kí ó sì tún fi èkù sí i. Alágbẹ̀dẹ a rọ ọ́, apọ́nbẹ a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ń ki èkù bọ̀ ọ́ a sì parí iṣẹ́. Ọwọ́ mẹ́ta ni ọ̀bẹ kan ń gbà kọjá kí ó tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ṣẹ́kù tí àwọn ènìyàn kì í kà mọ́ wọn: ọwọ́ ẹni tí ó rà á. Bí ọwọ́ kẹrin yìí bá kùnà, làálàá àwọn mẹ́ta ìṣáájú di asán.

Iṣẹ́ irin kì í ṣe àjèjì ní Sakai. Nígbà tí àwọn Potogí gbé tábà dé Jàpáànì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọ̀bẹ tí yóò rẹ́ ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá. Àwọn alágbẹ̀dẹ Sakai ṣe é, ó sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Tokugawa fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ lù ú. Ní ọdún 1876, ìjọba Meiji ṣe òfin pé kí àwọn jagunjagun má ṣe sán idà mọ́ ìdí mọ́. Òfin yìí pa iná ọ̀pọ̀ ilé arọ. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn arọdà, bí àwọn ti ìlú Seki, yí ọwọ́ iṣẹ́ padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ ìdáná àti irinṣẹ́ mìíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò fún ogun tẹ́lẹ̀ wá di ti ilé ìdáná. Ní ọdún 1982, ìjọba ka ọ̀bẹ Sakai mọ́ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ àjogúnbá ilẹ̀ náà.

Irin méjì ni alágbẹ̀dẹ ń lẹ̀ pọ̀ nínú iná. Ọ̀kan rọ̀, jigane ni wọ́n ń pè é. Èkejì le, hagane ni orúkọ rẹ̀. Èyí tí ó le ni yóò di ojú ọ̀bẹ, èyí tí ó rọ̀ ni yóò gbà á dúró kí ó má baà ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ a fi wọ́n sínú iná títí wọn yóò fi pọ́n, a lù wọ́n títí wọn yóò fi di ọ̀kan, bí ó bá sì yá, a tún yá ọ̀bẹ náà níná, a rì í bọ omi lójijì kí ojú rẹ̀ lè le. Àwọ̀ irin ni ó fi ń mọ̀ bí iná bá ti tó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń fẹ́ kí ilé arọ ṣókùnkùn ní àkókò yìí. Apọ́nbẹ a wá fẹ̀sọ̀ pọ́n ojú rẹ̀ jáde. Igi magnolia, tí ó fúyẹ́, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èkù, wọn a sì fi ìwo ẹfọ̀n dè é ní ọrùn.

Iṣẹ́ tí ọ̀bẹ kan wà fún kì í ṣe ti èkejì. Yanagiba gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́; ẹja tí wọn yóò jẹ ní tútù ni wọ́n fi ń rẹ́, ìfà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń fà á, kí ara ẹja má baà fọ́. Deba nípọn; òun ni wọ́n fi ń gé orí ẹja tí wọ́n sì fi ń là á. Usuba wà fún ẹ̀fọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pọ́n nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Alásè tí ó bá jẹ́ ọlọ́wọ́-òsì ní láti wá èyí tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì.

Ṣùgbọ́n bí ojú irin náà ti le tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ẹlẹgẹ́ tó. Ẹ fi ojú inú wo ọmọ iṣẹ́ kan ní ilé oúnjẹ kan ní Osaka. Ó ti tu owó jọ pẹ́ kí ó tó ra yanagiba rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó rẹ̀ ẹ́. Ó gé ẹja tán, ó fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀ pẹ̀lú omi lára rẹ̀, ó lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀bẹ ti dógùn-ún, àmì pupa ti wà lójú rẹ̀ káàkiri. Ọ̀gá rẹ̀ kò pariwo. Ó gbé òkúta ìpọ́nbẹ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni o fi í sílẹ̀, ìwọ náà ni kí o tún un ṣe." Ọmọ náà pọ́n ọn títí ó fi mọ́. Àmọ́ irin tí ó bá òkúta lọ kò ní padà wá mọ́. Ohun tí ọwọ́ mẹ́ta fi sùúrù ṣe ni oorun alẹ́ kan dín kù.

Láti ọjọ́ náà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni rán òun létí. Bí ó bá ti lo ọ̀bẹ tán, yóò fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, yóò sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Bí yóò bá pẹ́ kí ó tó tún lò ó, yóò fi òróró kamẹ́líà díẹ̀ pa á lára. Orí pákó ni yóò ti máa gé nǹkan, kì í ṣe orí òkúta tàbí dígí. Kò ní fi gé eegun tàbí ẹja tí ó ti di yìnyín, kò sì ní lọ́ ọ nígbà tí ó bá wà nínú ohun tí ó ń gé. Yóò mọ̀ pẹ̀lú pé àwọ̀ eérú tí ó ń bo irin náà díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Èyí tí ó pupa ni ọ̀tá.

Yóò sì kọ́ bí a ti í pọ́n ọn. Òkúta tí wọ́n rin omi sí ni yóò lò: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000 ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tí ó kúnná jù ú lọ, bí i 3000 tàbí 6000. Yóò tẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ó dà gẹ̀rẹ́ lé òkúta pẹrẹsẹ, kò ní gbé e sókè, kò ní kánjú. Bí ìka rẹ̀ bá ti kan irin tín-ín-rín tí ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti mọ̀ pé òkúta ti dé etí ojú ọ̀bẹ. Yóò fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ra ẹ̀gbẹ́ kejì náà, yóò sì dáwọ́ dúró.

Pípọ́n a máa sọ ọ̀bẹ di kúkúrú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tí ó gùn bí apá yóò di ohun kékeré. Ní ẹ̀bá adágún Shinobazu ní Ueno, ní Tokyo, òkúta ìrántí kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn ọ̀bẹ, láti dúpẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọ̀bẹ tí ó kúrú nítorí pípọ́n ti jẹ iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó sì yẹ lẹ́ni tí à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ìdógùn-ún jẹ tán nínú àpótí kò rí iṣẹ́ kankan jẹ́. Ẹ̀bi rẹ̀ kò sì sí lọ́rùn alágbẹ̀dẹ, kò sí lọ́rùn apọ́nbẹ, kò sí lọ́rùn ẹni tí ó ki èkù bọ̀ ọ́.