Ìpanu tí Gbogbo Ọwọ́ Lè Mú

Nínú ilé Yorùbá kan ní Àjàṣẹ́, kì í ṣe ohun ìyanu bí bàbá bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí bàbá àgbà sì ń bọ òrìṣà ìdílé rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n jọ ń jẹun lọ́jọ́ ọdún, nítorí pé ẹni tó ń se oúnjẹ mọ ohun tí olúkúlùkù ń jẹ àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un. Àwa olùkọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé wọ̀nyí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ yìí kì í sábà bá wọn dé ibi àríyá. Wọ́n a gbé àwo ìpanu kọjá. Ọmọ kan a na ọwọ́, a sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n a ní jambon ni. Ọmọ náà a fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bú u, ṣùgbọ́n ojú a tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún croque-monsieur níbi àríyá ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Inú ẹ̀kọ́ Faransé ni wọ́n ti pàdé orúkọ náà. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì ni oúnjẹ ọ̀hún, tí wọ́n fi jambon, èyíinì ni itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ sí, àti wàràkàsì gruyère sáàárín, tí wọ́n sì yan títí ó fi pọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da ọbẹ̀ funfun tí à ń pè ní béchamel lé e lórí. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú croquer, kí ènìyàn fi eyín run nǹkan wómúwómú, àti monsieur, ọ̀gbẹ́ni. Ilé kọfí àwọn ará Paris ni òkìkí rẹ̀ ti kàn; Marcel Proust pàápàá dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé À l'ombre des jeunes filles en fleurs, tó jáde ní ọdún 1919.

A jókòó, a ṣe ìṣirò. Bí a bá fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní odindi croque-monsieur, pẹ̀lú àwo àti ọ̀bẹ, owó tí a dá jọ kò ní tó ìdajì kíláàsì. Jambon àti gruyère wọ́n lọ́jà, wọn kò sì fẹ́ràn ooru. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yóò ti àwọn ọmọ Mùsùlùmí sẹ́yìn kí àríyá tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, a pinnu láti sọ ọ́ di ègé kéékèèké tí a lè fi ọwọ́ kan mú, kí a sì yí ohun inú rẹ̀ padà.

Wàgáṣì ni a fi rọ́pò gruyère. Àwọn ará Ṣábẹ tó ní gáà Fúlàní nítòsí mọ̀ ọ́n dáadáa: wàrà màlúù ni àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kaná, tí wọ́n ń fi omi ewé bọmubọmu sí kí ó lè dì. Pupa tí a ń rí lára rẹ̀ lọ́jà, ara pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n ti ń rí i. Ṣùgbọ́n wàgáṣì ní ìwà tirẹ̀ tí alásè gbọ́dọ̀ mọ̀: kì í yọ́ lórí iná bíi gruyère. Bí a bá gé e lé búrẹ́dì lásán, yóò jókòó gbagidi síbẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ohunkóhun. Béchamel ni yóò so ó pọ̀ mọ́ ìyókù. Dípò jambon, adìẹ ni a lò, èyí tí Mùsùlùmí dúńbú.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Búrẹ́dì gígùn méjì, tí a gé ní ìwọ̀n ìka méjì ní nínípọn, máa ń fún wa ní nǹkan bí 40 ègé. Ẹ yọ́ gíráàmù 50 bọ́tà lórí iná jẹ́jẹ́, ẹ da gíráàmù 50 ìyẹ̀fun àlìkámà sí i, kí ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 2. Lẹ́yìn náà, ẹ máa da ìdajì lítà wàrà màlúù sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe dẹ́kun rírò ó, kí ó má baà ní kókó, títí yóò fi ki bí ògì gbígbóná. Ẹ fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ sí i. Ẹ rin wàgáṣì, kí ẹ da èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú ọbẹ̀ náà, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ojú rẹ̀. Ẹ ya ẹran adìẹ tí ẹ ti fi àlùbọ́sà bọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ pò ó mọ́ ọbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bu apá kan tí kò ní ẹran sọ́tọ̀ fún àwọn tí kì í jẹ ẹ́.

Ẹ yan búrẹ́dì náà díẹ̀ kí ẹ tó fi ọbẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi síbí bu ọbẹ̀ lé ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ́n wàgáṣì sí i, kí ẹ sì tì í sínú ààrò. Àwa kò ní ààrò ní ilé ẹ̀kọ́; oníbúrẹ́dì àdúgbò ló ń gbà wá láàyè láti lo tirẹ̀ nígbà tó bá ti kó búrẹ́dì òwúrọ̀ jáde, tí ooru ṣì wà nínú rẹ̀. Ní ààrò oníná mànàmáná, ìwọ̀n 200 fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 tó. Kí ojú rẹ̀ ṣáà pọ́n ni àmì. Òwúrọ̀ ọjọ́ àríyá gan-an ni kí ẹ se ọbẹ̀ náà, nítorí pé ohun oníwàrà kì í pẹ́ bàjẹ́ nínú ooru ilẹ̀ wa.

Ẹlẹgbẹ́ wa kan rẹ́rìn-ín nígbà tó tọ́ ọ wò. Ó ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ṣùgbọ́n kí a má pe òòbẹ̀ ní àdán. Croque-monsieur tí kò ní jambon kì í ṣe croque-monsieur mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ sí ìdáhùn. Àwọn Faransé fúnra wọn gbé ẹyin díndín lé e lórí, wọ́n sì sọ ọ́ ní croque-madame. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil mú àkàrà dání nínú ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Ní Bahia lónìí, wọ́n ń la àkàrà sí méjì, wọ́n ń fi vatapá àti edé gbígbẹ sínú rẹ̀, acarajé ni wọ́n sì ń pè é. Kò sí Yorùbá tí yóò rí i tí yóò ní kì í ṣe ọmọ àkàrà. Oúnjẹ tó bá rìn jìnnà, ọwọ́ tó bá gbà á ni yóò máa tún un ṣe.

Àwọn kan tún bi wá léèrè ìdí tí a kò fi din àkàrà kí ọ̀rọ̀ parí. A ń din ín pẹ̀lú, òun ló sì ń kọ́kọ́ tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń gbé inú èdè méjì, ìfẹ́ láti tọ́ ohun tí wọ́n kà nípa rẹ̀ wò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí ìfẹ́ náà má di ohun tí yóò pín wọn níyà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ máa ń gba àlejò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ máa ń ṣètò àríyá, ẹ kọ ohun tó wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pélébé ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ẹ sì gbé e síwájú rẹ̀: adìẹ, wàgáṣì, wàrà, àlìkámà, ata. Ẹni tó bá ní èèwọ̀ yóò kà á fúnra rẹ̀, kò sì ní sí ìdí fún un láti béèrè lójú gbogbo ayé kí ó tó na ọwọ́.